Ẹni Tó Dárí Jì Mí Ni Mo Pa

Adájọ́ ti sọ tirẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi okùn sí mi lọ́rùn, kí wọ́n so mí rọ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi. Lẹ́yìn náà ó ní kí Ọlọ́run ṣàánú ọkàn mi, ó sì pa ìwé rẹ̀ dé bí ẹni tí kò retí pé Ọlọ́run yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti wà nínú yàrá kékeré yìí, tí mò ń retí kí gómìnà buwọ́ lùwé ikú mi. Ó lè dé lọ́la, ó lè má dé títí n ó fi hu ewú. N kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí kó lè rí bí apànìyàn ṣe ń gbọ̀n, kó yáa wá nǹkan mìíràn kà.

N kò ní í dárúkọ ara mi. Àwọn ọmọ mi ṣì ń jẹ́ orúkọ náà, wọ́n sì ní láti máa rìn nígboro Ayétòrò. Káfíńtà ni mí. Ẹ pè mí bẹ́ẹ̀, ó tó.

Ìjọ wa kò tóbi. Ilé ìsìn wa wà ní ìkángun ìlú, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìgbógílà, ilé búlọ́ọ̀kù tí a kò tíì rẹ́ níta. Bó ti kéré tó, òfin rẹ̀ pọ̀. Obìnrin kò gbọdọ̀ fi yẹtí sétí. A kì í wo tẹlifíṣọ̀n. A kì í jẹun níbi ayẹyẹ àwọn tí kì í ṣe tiwa. Ẹni tó bá rú òfin yóò jókòó sórí bẹ́ńṣì ìbáwí, tó wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá wà lórí bẹ́ńṣì yìí kì í kọrin, kì í jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa, a kì í bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, òun náà ni yóò sì máa gbá ilé ìsìn ní ọjọ́ Ẹtì. Alàgbà tó dá ìjọ sílẹ̀ ló ṣe òfin náà, ṣùgbọ́n èmi ni mo kan bẹ́ńṣì. N kò fún un ní ẹ̀yìn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ̀yìn lè máa ro ẹlẹ́ṣẹ̀ bí ìwàásù bá gùn.

Alàgbà rí i pé mo fẹ́ràn òfin, ó fi mí ṣe alábòójútó ìbáwí. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí, tí mò ń wo etí àwọn obìnrin àti ẹsẹ̀ ṣòkòtò àwọn ọkùnrin. Bí mo bá ti yọ lókèèrè, ẹ̀rín á gbẹ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ó dùn mọ́ mi. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù mi yẹn, Ọlọ́run ni wọ́n ń bẹ̀rù.

Ẹni tó pẹ́ jù lọ lórí bẹ́ńṣì náà ni Ẹ̀gbọ́n Ìsíkíẹ́lì. Àgbẹ̀ ni, ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Adúkẹ́, fẹ́ ọmọ Mùsùlùmí kan ní Ìgbógílà, nínú ìdílé àwọn oníṣòwò. Bàbá rẹ̀ wọ agbádá lọ síbi Yìgì, ó jókòó láàárín àwọn àna rẹ̀, ó sì jẹun. Bí mo ti gbọ́ ni mo ti lọ bá a ní oko.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé òótọ́ ni pé ẹ jẹun níbẹ̀?"

Ó ní, "Mo jẹ àjẹtúnjẹ. Ẹran àgbò tí wọ́n sè lọ́jọ́ náà kò lẹ́gbẹ́."

"Ẹ kò mọ̀ pé òfin kò gbà á?"

"Àbúrò, ọmọ mi ni wọ́n ń gbé níyàwó. Kí n wá gbé oúnjẹ síwájú kí n máa wò ó bí aláìsàn?"

"Ẹ ṣáà tọrọ àforíjì níwájú ìjọ, kó lè tètè parí."

"Lọ́wọ́ ta ni n ó ti tọrọ rẹ̀? Lọ́wọ́ àgbò?"

Mo bá kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì. Kò jà. Ó kàn ń wá ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, á jókòó síbẹ̀ tayọ̀tayọ̀ bí ẹni tó jókòó sábẹ́ igi lẹ́yìn iṣẹ́ oko. Bí a bá ń kọrin, n ó máa gbọ́ tí ó ń kùn ún lábẹ́ imú. Mo lọ bá a, mo rán an létí pé kò gbọdọ̀ kọrin. Ó ní, "Àbúrò, ẹnu mi dákẹ́. Inú mi ló ń kọ ọ́, ìwọ lọ bá a wí." Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Inú bí mi fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Ìgbà náà ni ìjọba ti bọ́dà pa. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ìlaròó tàbí Ajílétè mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún wa. Àwọn aṣọ́bodè wà káàkiri ọ̀nà, ìrẹsì òdìkejì bọ́dà di ohun tí à ń sọ lẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́, ti abẹ́lé sì gbówó lérí pẹ̀lú òkúta rẹ̀. Àwọn oníṣòwò tó máa ń gbé iṣẹ́ ilẹ̀kùn àti ibùsùn wá fún mi fi mí sílẹ̀, nítorí ọjà tiwọn náà ti dákẹ́. Alàgbà wá ka ọ̀rọ̀ nípa ìtẹríba fún àwọn aláṣẹ, ó ní ọmọ ìjọ wa kankan kò gbọdọ̀ gbé ìrẹsì fàyàwọ́, kò sì gbọdọ̀ tà á. Èmi ni mo dìde tí mo ní òfin náà kò tíì pé. Mo ní ẹni tó jẹ ẹ́ kò sàn ju ẹni tó gbé e lọ. Gbogbo wọn pariwo àmín. Èmi ni mo fi ti jíjẹ kún un, kò sí ẹni tó fi ipá mú mi.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà, Gàníyù. A jọ lọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Fàyàwọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo ìlú ló mọ̀, kò sì fi bò. Ní ọjọ́ Iléyá, ó ránṣẹ́ pè mí pé ilẹ̀kùn yàrá òun ti já. Mo tún un ṣe. Bí mo ti ń kó irinṣẹ́ mi, ìyàwó rẹ̀ gbé abọ́ ìrẹsì kan kalẹ̀, ó gùn, ó funfun, ẹran àgbò wà lórí rẹ̀. Ojú kan tí mo fi wò ó ni mo ti mọ ibi tó ti wá.

Gàníyù ní, "Jẹun, ọ̀rẹ́ mi. Ìrẹsì ni, kì í ṣe ìbọn."

Mo ní, "O mọ̀ pé ìjọ wa kò gbà á."

Ó ní, "Ta ni yóò sọ fún wọn? Ikùn ènìyàn kì í ṣe bọ́dà. Aṣọ́bodè kan kò sí níbẹ̀ tó ń tú ẹrù."

Mo jẹ ẹ́. Abọ́ kan ṣoṣo. Ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín. Lónìí mo mọ̀ pé Ọlọ́run kò bínú sí káfíńtà tó jẹ ìrẹsì nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ṣùgbọ́n nínú òfin tí èmi fúnra mi ṣe, mo ti di ẹlẹ́ṣẹ̀, n kò sì mọ ohun tí ẹlẹ́ṣẹ̀ ń ṣe ju pé kó fara pa mọ́ lọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n fẹ̀sùn kan ìyá ìbejì kan pé ó se ìrẹsì òdìkejì fún àwọn ọmọ rẹ̀. Obìnrin náà sunkún, ó ní àwọn ọmọ ni kò lè jẹ èyí tó ní òkúta. Mo na ọwọ́ sí bẹ́ńṣì. N kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe láyé, lẹ́yìn ìpànìyàn, èyí ni mo kórìíra jù.

Kò pẹ́ tí Gàníyù fi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní wọ́n ti ń tú àwọn ilé kiri, òun kò mọ ibi tí òun lè kó ẹrù sí. Ó ní, "Ní gbogbo Ayétòrò yìí, ibo ni ọkàn ẹnikẹ́ni kò ní í lọ?" Èmi ni mo dárúkọ ilé ìsìn wa, ẹnu tèmi ló ti jáde. Adágún ìrìbọmi wà nínú ilé ìsìn wa, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ ọ́n sábẹ́ pèpéle ìwàásù. Gbígbẹ ló máa ń wà láti ìrìbọmi kan sí òmíràn, pákó tí èmi kàn ni a sì fi bò ó. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ìrẹsì wọ ibẹ̀, ó ń jáde, òmíràn ń wọ̀, ilé tèmi náà sì ń rí jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń dúró lórí ìrẹsì tó ń ka òfin ìrẹsì sí ìjọ létí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, mo wọ ilé ìsìn, mo bá Ẹ̀gbọ́n Ìsíkíẹ́lì lórí pèpéle. Ó fi ìgbálẹ̀ sọ́wọ́ kan, ó gbé pákó sókè lọ́wọ́ kejì, ó ń wo inú adágún. Àwọn eku ti já àpò kan, ìrẹsì ti tú jáde, òun ló sì ń gbá a tó fi dé ibẹ̀.

Ó ní, "Àbúrò, kí lèyí?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bò mí láṣìírí."

Ó wò mí, ó wo àpò, ó bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín. Ó ní, "Ìrẹsì pọ̀ báyìí, a sì ń fi òkúta kán eyín!"

Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? N ó yọ orúkọ yín kúrò lórí bẹ́ńṣì. Lọ́jọ́ Ìsinmi yìí gan-an."

"Ṣé mo ní kí o yọ ọ́ ni?"

"Kí wá ni ẹ fẹ́?"

"N kò fẹ́ nǹkan kan. Dìde nílẹ̀. Kó ẹrù rẹ kúrò níbẹ̀ kó má baà bà jẹ́. Jésù ti san ti èyí kí n tó ṣí pákó, bó ṣe san ti àgbò tèmi. Ó ti parí."

Ó dá pákó padà sáyè rẹ̀, ó sì ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí, nítorí ibí ni mo ti ṣìnà, kì í ṣe nínú abọ́ ìrẹsì. Bó bá ní kí n fún òun ní àpò kan, n bá fún un, ọkàn mi ìbá sì balẹ̀. Bó bá ní kí n máa sin òun, n bá sìn ín. Ohun tó ní iye ló yé mi. Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ló dẹ́rù bà mí. Mo bi ara mi pé, bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ká a mọ́ adágún ńkọ́? Mo mọ ìdáhùn: n bá ti sáré lọ bá Alàgbà kí eruku tó rọ̀. Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọkàn tèmi ni mo fi ń ka ọkàn rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá ṣe ń dún létí mi bí ìhalẹ̀. Bó bá kí mi, n ó ní ó ń fi mí ṣẹ̀sín. Bí kò bá kí mi, n ó ní ó ti ń gbèrò. Ó fi àgbàdo tútù ránṣẹ́ sí ìyàwó mi láti oko rẹ̀, mo ní kí ó dà á nù. Ìyàwó mi ní, "Kí ni àgbàdo ṣe ọ́?" Mo ti kó gbogbo ìrẹsì kúrò, mo ti fọ adágún mọ́, síbẹ̀ n kò sùn. Ẹni tó mọ ẹ̀ṣẹ̀ mi wà láàyè, kò sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin kò mọ bí ìyẹn ṣe lè di ẹrù sí ẹni tó ti fi òfin gbé ayé rẹ̀ ró.

Ìjọ wa ní ọjọ́ kan tí à ń pè ní Ọjọ́ Ìfihàn. Lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá mọ ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ arákùnrin rẹ̀ lè dìde sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ bá Alàgbà nílé ní ọjọ́ tó ṣáájú, nínú aṣọ funfun, láti fi hàn pé kì í ṣe ìbínú ló gbé òun dìde. Ilé Alàgbà wà níta ìlú, lójú ọ̀nà Ìgbógílà, lẹ́yìn igbó tíìkì. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú Ìfihàn, mo ń ti ibi tí mo ti lọ kan òrùlé bọ̀, òòlù mi wà nínú àpò. Ní gẹ́rẹ́ tí mo yọ sí igbó tíìkì, mo rí Ẹ̀gbọ́n Ìsíkíẹ́lì níwájú. Bùbá funfun, ṣòkòtò funfun, fìlà funfun. Ó ń yára rìn.

Mo sáré bá a. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ń lọ?"

Ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní, "Ìgbógílà ni! Adúkẹ́ ti bímọ. Ọkùnrin làǹtì-lanti. Ọ̀kadà tó gbé mi, epo tán nínú rẹ̀, mo ní kò burú, ẹsẹ̀ mi kò tíì kán."

"Ẹ má purọ́ fún mi."

"Irọ́ bí ti báwo?"

"Aṣọ funfun lẹ wọ̀. Ọ̀la ni Ìfihàn. Ilé Alàgbà lẹ ń lọ."

Ó dúró, ó wò mí bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí nǹkan. Lẹ́yìn náà ó ní, "Áà! Ọ̀rọ̀ ìrẹsì yẹn? Ṣé ó ṣì wà lọ́kàn rẹ? Àbúrò, ẹni tó fẹ́ lọ gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀, ṣé àkísà ni yóò wọ̀? Mo ti sọ fún ọ pé ó ti parí. Jẹ́ kí n máa lọ."

Ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó ń lọ. Ẹni tó bá ní ẹ̀tàn nínú kì í yí ẹ̀yìn sí ẹni tó ní òòlù. Ó yẹ kí n mọ̀. Mo yọ òòlù, mo lù ú ní ìpàkọ́. Ó ṣubú, mo tún lù ú. N kò ní í sọ pé èṣù ló tì mí. Ọwọ́ mi ni, ó sì mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà tí mo wọ́ ọ wọ inú igbó, àpò rẹ̀ tú. Ìgò oyin kan ni mo rí, àti iyọ̀, àti fìlà ọmọ ìkókó tí wọ́n fi òwú hun.

Mo jókòó ti òkú rẹ̀, fìlà yẹn lọ́wọ́ mi. Òótọ́ ló sọ fún mi. Ìgbà méjèèjì ló sọ òótọ́ fún mi.

Ní ọjọ́ kejì mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsìn, mo ń wo etí àwọn obìnrin. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣe é. Alàgbà bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ ìfihàn. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Àyè Ẹ̀gbọ́n Ìsíkíẹ́lì lórí bẹ́ńṣì ṣófo, wọ́n sì ní bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Èmi náà mi orí.

Wọ́n rí òkú rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ọlọ́kadà kan ti rí mi tí mo ń ti igbó tíìkì jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lápá aṣọ, àwọn ọlọ́pàá sì wá mú mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo sẹ́. Mo sẹ́ ní àgọ́ wọn, mo sẹ́ níwájú adájọ́, mo ní ẹran ni mo pa. Kò sí ẹni tó mọ ìdí tí mo fi lè pa á. Ìyẹn ni agbẹjọ́rò mi rọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó olóògbé bọ́ sínú àpótí ẹlẹ́rìí.

Agbẹjọ́rò ìjọba bi í pé, "Màmá, ṣé ọkọ yín àti ọkùnrin yìí ní ìjà?"

Ó ní, "Wọn kò jà. Èmi ni mo máa ń bínú sí i nítorí bẹ́ńṣì yẹn. Bàbá Adúkẹ́ á ní kí n má bínú, á ní káfíńtà ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ ni."

"Kò sọ nǹkan kan fún yín rí nípa rẹ̀? Àṣírí kan?"

"Bó bá sọ ọ́, kí ni n ó pa á mọ́ fún? Kò sọ nǹkan kan. Oyin ló ní kí n bá òun wá lọ́jọ́ tó lọ."

Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Lórí ibùsùn tí wọ́n jọ ń sùn, kò sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó gba oorun lójú mi, tó sọ mí di apànìyàn, ó ti dà á nù, kò sì yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Nígbà náà ni nǹkan kan já nínú mi. Mo kígbe láti inú àpótí tí mo wà pé, "Ìrẹsì ni! Ó rí ìrẹsì mi, ó dárí jì mí, n kò sì gbà á gbọ́!" Agbẹjọ́rò mi fa aṣọ mi pé kí n dákẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ti ọrùn ara mi bọ okùn, ọjọ́ náà sì ni mo kọ́kọ́ sùn láti ọ̀sán Ẹtì yẹn.

Ìjọ wa kò gbàgbé mi. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò mi wá síbí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń rìn bí mo ṣe máa ń rìn. Ó ní wọ́n ti fi orúkọ mi sórí bẹ́ńṣì bí n kò tilẹ̀ sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá gba ààwẹ̀ tí Alàgbà là sílẹ̀, tí mo sì jẹ́wọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́, wọ́n lè mú un kúrò kí ọjọ́ mi tó pé.

Mo ní, "Bí n kò bá gbà á ńkọ́?"

Ó ní, "Ẹ ó kú sórí bẹ́ńṣì nìyẹn."

Mo ní, "Lọ sọ fún Alàgbà pé èmi ni mo kàn án, mo mọ pákó tí mo lò. Kí wọ́n fi dáná."

Ó ní mo ti le lọ́kàn. Ẹlẹ́wọ̀n kan tó wà ní yàrá kejì náà sọ ohun tó jọ ọ́, nígbà tó gbọ́ tí mò ń kọrin. Ó ní, "Ìwọ tí o fọ́ orí bàbá olóore, o lẹ́nu láti pe Jésù?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo lẹ́nu. Ó ní mò ń sọ ẹ̀ṣẹ̀ di ohun yẹpẹrẹ. Èmi? Èmi tí mo mọ bó ṣe dún nígbà tí òòlù ba orí ènìyàn? N kò ní kí ẹnikẹ́ni tú mi sílẹ̀. Ohun tí òfin ìlú fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, kó gbà á, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òfin ò wẹ̀ mí rí. Mo sìn ín tọkàntọkàn, mo pa á mọ́ ju ẹnikẹ́ni nínú yín lọ, òun ló sì mú mi dé inú igbó tíìkì. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bí àánú Ọlọ́run bá jẹ́ ti ẹni tó yẹ fún un, èmi ò sí níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ọ̀fẹ́ lóòótọ́, ẹ má dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ máa wo etí mi.

Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Ìsíkíẹ́lì náà wá, òun àti Adúkẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn irin. Ìyá náà ní kí n gbé ojú sókè. Ó ní, "Mo fẹ́ rí ojú rẹ ni. Bó bá jẹ́ òun ni, ì bá ti dárí jì ọ́. Èmi kì í ṣe òun."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. Mo gbọ́."

N kò bẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe ìgbéraga. Ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́, a kì í fi ipá gbà á lọ́wọ́ opó. Ẹkún rẹ̀ wà lọ́rùn mi, yóò sì wà níbẹ̀ nígbà tí okùn bá dé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Yewa, ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀kadà gba ọ̀nà igbó, àti ẹ̀yin tí ẹ ń di Bíbélì mú ní iwájú ìjọ, mo mọ̀ pé ẹ retí kí n sọ pé kí ẹ má ṣe fàyàwọ́, kí ẹ gbọ́ràn sí òbí yín. Ẹ gbọ́ràn sí wọn, ó dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló pa mí. Ẹ má ṣe fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn ṣe àtẹ̀gùn gun òkè. Bí ẹ bá ṣubú, ẹ pariwo kí wọ́n gbé yín dìde, ẹ má ṣe wá òòlù. Bí ènìyàn kan bá sì wá sọ fún yín pé òun ti dárí jì yín, tí kò béèrè nǹkan kan, ẹ má ṣe máa tọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kiri láti wo ibi tó ń lọ. Ẹ gbà á gbọ́. Èmi náà ti gbà á gbọ́ báyìí. Ó ti pẹ́ jù fún Ẹ̀gbọ́n Ìsíkíẹ́lì, mo sì ń sunkún rẹ̀ lójoojúmọ́. Kò tíì pẹ́ jù fún yín. Kò sì pẹ́ jù fún èmi náà, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú máa bínú.